Ṣé ká dá abẹ́rẹ́ ṣúgà ìyá wa dúró torí jẹjẹrẹ ọyàn? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyàrá · Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Okun o, ẹ̀yin ọmọ Okun Ìpínlẹ̀ Kogí, nílé àti lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ìyá wa jẹ́ ẹni ọdún 63. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì ni dókítà ti fi abẹ́rẹ́ insulin kún un, ẹ̀ẹ̀kan lálaalẹ́. Lóṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, ọwọ́ wọn ba kókó kan nínú ọyàn òsì. Kò dùn wọ́n, torí náà wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi obìnrin ló fura. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, èsì sì dé ní Ọjọ́bọ̀. Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà tó fún wa lésì ní ó ṣeé ṣe kí ṣúgà tó ti pẹ́ lára wọn wà lára ohun tó ran kókó náà lọ́wọ́. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, kò ráyè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa rí nǹkan kà lórí fóònù pé insulin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ. Láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìyá wa kò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Lálẹ́ àná, 318 ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà kà.

Ilé ti pín sí méjì. Àbúrò mi ní ká fún wọn ní abẹ́rẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ẹni tó bá fún wọn ló pa wọ́n. Ìyá wa fúnra wọn ní àwọn kò ní fi ọwọ́ ara àwọn bọ́ ohun tó fẹ́ pa àwọn. Èmi ni àkọ́bí, ojú mi ni gbogbo wọn ń wò. Ṣé lóòótọ́ ni insulin ń mú jẹjẹrẹ dàgbà? Kí ló pa ṣúgà àti ọyàn pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú · 7:20 àárọ̀

Ọmọ Ìyàrá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á gbé ìyá dìde.

318 lẹ́yìn òru mẹ́ta láìgba abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Ẹ má fi í di ọ̀la. Ẹ pe dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà wọn ní àárọ̀ yìí, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn àti iye tí ẹ̀rọ ń kà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n padà sí, àfi bí dókítà bá sọ òmíràn. Ẹ má ṣe kó ti ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n pa jẹ pọ̀ mọ́ ti òní o. Mo ti rí ìdílé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà onítọ̀hún já wálẹ̀ lóru, wọ́n rò pé oorun ló ń sùn.

Bí wọ́n bá ń bì, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n láìdáwọ́ dúró, tí mímí wọn jìn tó sì yára, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bára mu mọ́, ẹ má dúró de dókítà kankan lórí fóònù. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lọ ni kẹ́ ẹ forí lé. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í pa èèyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ṣúgà tó ròkè lè pa á.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun kan náà ni mò ń rí: bí àrùn tuntun bá ti dé, àwọn èèyàn a gbàgbé èyí tó wà nílé. Àrùn tuntun kì í lé ti àtijọ́ jáde. Wọ́n á jọ máa gbé ni.

Ìbéèrè kan: ibo lẹ ń tọ́jú insulin yẹn sí? Mo mọ bí iná ṣe ń ṣe ní agbègbè wa. Ìgò tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ bá tutù, ṣùgbọ́n ooru wa láti oṣù kejì lọ kì í jẹ́ kí yàrá tutù. Insulin tí ooru ti bà jẹ́ kò yàtọ̀ sí omi. Bí kò bá sí fíríìjì tó ṣeé gbára lé, ẹ ra ìkòkò amọ̀, ẹ gbé e sínú òmíràn tó tóbi díẹ̀, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ máa fi omi rin yanrìn náà. Ẹ fi ìgò insulin sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e sínú ìkòkò inú, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Èmi fúnra mi ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ · 9:05 àárọ̀

Dókítà ni mí, ibi tí mo ń gbé jìnnà, ṣùgbọ́n Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí ìyá wa nọ́ọ̀sì sọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá ka tèmi.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín kà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló jẹ́ kó ṣòro láti já.

Insulin jẹ́ hómónù, èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn, pankíríásì, ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ké sí ẹran ara, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá pé kí wọ́n gba ṣúgà wọlé. Nínú irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ láàárín àgbà, ẹran ara a máa kọ etí ikún sí ìpè yẹn. Pankíríásì a gbóhùn sókè. Wọn ò gbọ́. A tún gbé e sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣe máa ń kún fún insulin fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ṣúgà rẹ̀ tó lọ sókè rárá, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọyàn ti wọlé. Insulin kì í kéde ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan. Ó tún ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó pín sí méjì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn sì sábà máa ń ní ojú ibi tí insulin ń so mọ́ lọ́pọ̀ lára wọn, pẹ̀lú ti ìbátan rẹ̀ kan tí à ń pè ní IGF-1. Ẹran apá àti ti itan ti di etí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò di tirẹ̀. Gbogbo igbe tí pankíríásì ń ké sí ẹran ara, òun ló ń gbọ́, òun ló sì ń jẹ́ ẹ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, inú ọ̀rá ara rẹ̀ ni estrogen, hómónù obìnrin, ti ń wá jù lọ. Èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe tó máa ń di hómónù yìí mú nínú ẹ̀jẹ̀. Bí insulin bá pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀dọ̀ a dín èròjà náà kù, estrogen a sì máa rìn fàlàlà. Púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọyàn ló jẹ́ pé estrogen ló ń mú un dàgbà. Ọ̀rá tó pọ̀ lára ẹni tí ṣúgà ń dà láàmú tún máa ń tú àwọn èròjà kan jáde, irú èyí tó máa ń yọ nígbà tí ara bá ń bá egbò jà, bẹ́ẹ̀ kò sí egbò kankan. Ara wà lójú ogun tọ̀sán tòru, ìyẹn náà ń ran kókó lọ́wọ́.

Ní ti ṣúgà fúnra rẹ̀, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Otto Warburg ti ṣàkíyèsí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbé ṣúgà mì ju sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lọ. Òótọ́ ni. Àṣìlò tí wọ́n ń lo òótọ́ yìí lórí fóònù ló ń dùn mí.

Báwo ni ewu náà ṣe tó? Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, ewu jẹjẹrẹ ọyàn fún obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ yìí fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò ní in lọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kò túmọ̀ sí pé obìnrin ogún nínú ọgọ́rùn-ún oníṣúgà ló máa ní jẹjẹrẹ. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ní in nínú àwùjọ kan tí kò ní ṣúgà, nínú àwùjọ oníṣúgà tó pọ̀ tó o, yóò tó bíi méjìlá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá pé àfọwọ́fà wọn ni.

Abẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Ní 2009, ìwádìí kan láti Jámánì dẹ́rù bà gbogbo ayé lórí irú insulin kan tó ń jẹ́ glargine. Ìdánwò ńlá kan tí wọ́n pè ní ORIGIN ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn: èèyàn 12,537, ó ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Jẹjẹrẹ kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba glargine ju àwọn tí kò gbà á lọ. Èyí tí ìyá yín ń gbà lálaalẹ́ ń dí àlàfo tí pankíríásì wọn tó ti rẹ̀ kò lè dí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí igbe insulin dínkù lára wọn, ohun tó ń la etí ẹran ara ni kẹ́ ẹ wá: rírìn lójoojúmọ́, oúnjẹ tó mọ níwọ̀n, àti oògùn tí dókítà kọ. Dídá abẹ́rẹ́ dúró lójijì kò ní la etí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Mọ̀pà · 10:41 àárọ̀

Dókítà, ẹ ṣeun. Ká ní mo ka èyí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà tí ti àǹtí mi dé. Àwọn náà ní ṣúgà, wọ́n sì ní jẹjẹrẹ ọyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba kimó àkọ́kọ́, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Ọjọ́ kejì, ṣúgà wọn lé ní 400. A ya wèrè nílé. A ní wọ́n ti ń mu mínírà lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mu nǹkan kan. A ò gbà wọ́n gbọ́. Èmi yìí, mo tú abẹ́ ìrọ̀rí wọn wò, mo tú àpò wọn wò, bóyá màá rí bisikíìtì. Àgbàlagbà tó jù mí lọ lọ́dún 20 ń wò mí, omi ń dà lójú wọn.

Nígbà tí a padà lọ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì ni dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí béèrè bóyá ṣúgà wọn gòkè. Ó ní oògùn kan tí wọ́n máa ń fún wọn ṣáájú kimó kí wọ́n má bàa bì, dexamethasone, òun ló ń gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Wọn ò jẹ nǹkan kan. Oògùn ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bẹ̀ wọ́n nílé ìwòsàn yẹn, wọ́n sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n èmi kò tí ì dárí ji ara mi.

Nítorí náà, ọmọ Ìyàrá, kí ọjọ́ kimó tó pé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: «Ṣé dexamethasone wà nínú rẹ̀? Kí ni ká ṣe sí insulin lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e?» Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn ṣúgà ní àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti kí wọ́n tó sùn láwọn ọjọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Sítírípù tí a fi ń wọn ṣúgà wọ́n, mo mọ̀. Bí owó bá há, ọjọ́ mẹ́rin yìí ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ dè.

Ìrètí Kàbà · 11:15 àárọ̀

Ẹ má bínú, èmi rò pé ohun tí dókítà sọ tún ti ẹ̀gbọ́n bàbá wọn lẹ́yìn ni. Bí jẹjẹrẹ bá ń jẹ ṣúgà, ṣé kì í ṣe ká fi ebi pa á? Èèyàn kan ní ìjọ wa fi ọjọ́ 21 gbààwẹ̀, omi ewúro àti omi ewé ṣáwáṣọ́ọ̀pù nìkan ló ń mu. Ó ní kókó òun rọ̀. Tinútinú ni mo fi ń sọ ọ́, mo fẹ́ kí ìyá yè.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ · 11:48 àárọ̀

Mo gbà pé tinútinú ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn tinútinú.

Bí ẹ kò bá jẹ oúnjẹ kankan fún ọjọ́ 21, ṣúgà yóò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, torí ẹ̀dọ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí èyí tó kó pamọ́ bá tán, ẹran ara yín ni yóò máa wó láti fi ṣe é. Ẹni tó ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ààwẹ̀ yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sì ti rù jọ̀wọ̀lọ̀, ara rẹ̀ kì í lè gba kimó ní ìwọ̀n tó péye, ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í sì í tètè san. Ààwẹ̀ lórí insulin, ẹ̀ẹ̀mejì ewu ni.

Ní ti ẹni tí kókó rẹ̀ rọ̀: kókó ọyàn pọ̀ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí ń wá tó ń lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gé díẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Obìnrin mélòó ni mo ti rí tí kókó wọn kéré bí ẹ̀pà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú egbò. Oṣù mẹ́jọ yẹn ló ń dùn mí.

Onímọ̀ Oúnjẹ Ìjùmú · 12:30 ọ̀sán

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ Okun pé kó má jẹ iyán mọ́ títí láé ti pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Òkèlè tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ wọn lọ ni mo máa ń ní kí wọ́n gé. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹja kún ìyókù abọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ nínú ọbẹ̀ kí òkèlè tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ló kan ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀kọ àti tùwó. Àwọn kan gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ oògùn ṣúgà, wọ́n á wá jẹ òkìtì rẹ̀ kan. Ṣúgà á gòkè bákan náà.

Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ wọn: èkuru, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà sísè pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Kí wọ́n fi ẹyin, ẹja àti wàràǹkàṣì gbé ara ró, torí ẹni tó ń gba kimó nílò ohun tó ń tún ara ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọn ò bá lè jẹun nítorí èébì, kí wọ́n má gba oògùn ṣúgà bíi ti ọjọ́ gbogbo láìpe dókítà. Ẹ tọ́jú mínírà kan tàbí oyin sítòsí ibùsùn. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí ẹ̀rọ sì kà kéré sí 70, ẹ fún wọn mu. Ìgbà yẹn nìkan ni mínírà di oògùn.

Àti ààwẹ̀ ìjọ: ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín, ẹ ṣàlàyé. Èmi kò tí ì rí èyí tó ní kí aláìsàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gbààwẹ̀.

Apòògùn Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ · 1:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré.

Metformin, oògùn ṣúgà oníhóró: àwọn èèyàn ti ń wá rà á lọ́dọ̀ mi láìní ṣúgà, wọ́n ní ó ń dá jẹjẹrẹ ọyàn dúró. Wọ́n ti dán an wò lára aláìsàn jẹjẹrẹ ọyàn 3,649 tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, èsì jáde ní 2022: kò dá a dúró láti padà wá. Ẹni tó ní ṣúgà kó máa lò ó lọ fún ṣúgà rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó fi owó rẹ̀ ra ẹja. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ìyá lábẹ́rẹ́ àwọ̀ fún ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara, ẹ sọ fún wọn bí ìyá bá ń lo metformin, pàápàá bí kíndìnrín wọn bá ní ìṣòro.

Glibenclamide, oògùn ṣúgà míì tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil: ó máa ń pẹ́ lára. Ẹni tó lò ó tí kò sì lè jẹun nítorí kimó, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru tí yóò sì tún já lẹ́yìn tí ẹ rò pé ó ti sunwọ̀n. Ẹ rán dókítà létí bí ó bá wà nínú oògùn wọn.

Àgbo: mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ìgò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó máa ń wà. Ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe torí kí wọ́n bá yín wí. Àgbo tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, bó bá pàdé insulin, yóò fà á wálẹ̀ kọjá àlà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń fọ kimó kúrò lára kò sì gbọ́dọ̀ máa bá nǹkan míì wọ̀yá ìjà.

Ọmọ Lábù · 1:37 ọ̀sán

Àfikún kékeré. Wọ́n á ní kí ìyá ṣe àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti ṣe rí láti oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára láìpẹ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá jẹ́ SS tàbí SC, nọ́ńbà yẹn lè tanni jẹ. Ẹ sọ fún lábù kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Ìwé tí Ìyá Mọ̀pà ní kẹ́ ẹ máa kọ lójoojúmọ́ yóò wá wúlò ju àyẹ̀wò náà lọ.

Ahunṣọ Bùnú · 3:02 ọ̀sán

Èmi ni ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún keje rèé. Ṣúgà wà lára mi, wọ́n gé ọyàn ọ̀tún mi, mo ṣì wà láàyè, mo sì ṣì ń hun aṣọ.

Ọmọ Ìyàrá, sọ fún ìyá rẹ pé mo kí wọn. Sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe ń bà wọ́n lọ.

Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ni mo fẹ́ sọ. Nínú kimó mi, oògùn kan wà tó ń jẹ́ paclitaxel. Ṣúgà ti kọ́kọ́ mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kú díẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn yẹn wá gbé e dé ìka ọwọ́. Mo jókòó síwájú òfì, òwú wà lọ́wọ́ mi, n ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n gé ọyàn lọ. N ò tètè sọ, mo rò pé wọ́n á dá kimó dúró. Nígbà tí mo sọ, wọ́n kàn tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ni. Ó gbà mí tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí ìka mi tó padà mọ òwú. Kí ìyá tètè sọ.

Kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́, abẹ́ ìka àti gìgísẹ̀. Kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sóko. Egbò kékeré lẹ́sẹ̀ oníṣúgà tó ń gba kimó kì í ṣe kékeré. Bí ara bá gbóná dé 38, ilé ìwòsàn ni, kò sí pé ẹ ń lo pàrásítámọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ wò ó.

Apá tí wọ́n bá ti yọ kókó abíyá rẹ̀, apá kejì ni mo máa ń ní kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìka ọwọ́ kejì náà ni mo fi ń wọn ṣúgà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í na apá yẹn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, títí mo fi lè nà án dé orí òfì. N kò gún iyán fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọmọ ló ń gún un.

Oníṣòwò Lọ́kọ́ja · 4:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí ibi kan náà tọ́jú àrùn méjèèjì bó bá ṣeé ṣe. Ilé ìwòsàn ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ẹ̀yin ará Yàgbà. Ẹ̀yin Ìjùmú àti Kàbà lè wo ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, tàbí ti yunifásítì ní Ìlọrin. Bó bá kan ìtọ́jú oníná (radiotherapy, èyí tí wọ́n ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ), ẹ pe ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, wà láti 2019. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n àwọn kan láti ọ̀dọ̀ wa ti lọ síbẹ̀.

Ẹ tètè kúrò nílé bó bá jẹ́ Lọ́kọ́ja. Bí tírélà bá ti há ní Ọ̀bàjànà, ẹ lè lo wákàtí mẹ́ta lójú ibì kan. Ẹ gbé oúnjẹ ìyá àti insulin dání nínú fláàsì tútù. Ẹ má fi í sínú búùtù mọ́tò, ooru ibẹ̀ pọ̀.

Ìyàwó Ògìdì · 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé púpọ̀. Èmi ṣì jẹ́ ẹni ọdún 44, wọ́n ní mo ní ṣúgà lọ́dún tó kọjá. Ṣé kí n máa retí jẹjẹrẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú · 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, má retí rẹ̀. Máa ṣọ́ ọ. Mọ bí ọyàn rẹ ṣe ń rí nígbà gbogbo, kí o lè tètè mọ ohun tó yí padà: kókó, awọ tó ń wọ inú bí èèpo ọsàn, orí ọyàn tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀, kókó lábẹ́ abíyá. Ní kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn nígbà tí o bá lọ gba oògùn ṣúgà rẹ, kí o sì béèrè nípa àyẹ̀wò mammogram, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ọyàn. Máa rìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀nà oko kan náà tó o fi ń rìn tẹ́lẹ̀ kí ọ̀kadà tó dé.

Ọmọ Ìyàrá · Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé náà la pe dókítà, ó ní kí wọ́n padà sí ìwọ̀n wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn kò kọ́kọ́ gbà. Mo ka ọ̀rọ̀ Ahunṣọ Bùnú sí wọn létí, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi òwú, wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Láàárọ̀ yìí, 171 ni ẹ̀rọ kà.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa rí dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́kọ́ja. Mo ti kọ gbogbo ìbéèrè yín sínú ìwé kan: dexamethasone, Daonil, apá wo ni wọ́n á lò, ta ni a ó máa pè lóru. Ìgò àgbo mẹ́ta la rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí apòògùn ṣe sọ. Wọ́n wà nínú àpò tí a ó gbé lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lánàá mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé ti etí ikún yẹn fún wọn. Ẹ̀rù ló ba àwọn náà. Jẹjẹrẹ ló pa ìyàwó wọn àkọ́kọ́, n kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bi mí léèrè ibi tí a ń gbé insulin náà sí. Mo ní fíríìjì, ṣùgbọ́n iná kò wá láti àárọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ ra ìkòkò amọ̀ méjì. Àwọn fúnra wọn ló kó yanrìn láti odò. Ìkòkò náà wà ní igun yàrá ìyá wa báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló sì ń bu omi sí i láràárọ̀.